Ta Ló Ń Ka Ẹyẹ Ìmeri?

Ní ìparí ọdún tó kọjá, mo lọ ṣọdún ní Ìmeri, ìlú ìyá mi, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá ti dé ìhà ibẹ̀ rí á mọ̀ pé ìlú tó tutù ni. Nẹ́tíwọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Iná mànàmáná ń lọ, kì í tètè bọ̀. Nítorí náà, láàárọ̀, kí n tó rántí pé mo ní fóònù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú Ìyá Àgbà, àbúrò ìyá tó bí ìyá mi, tí a ó jọ máa wo ọyẹ́ bó ṣe ń bo orí igi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lékeléke mẹ́rin fò kọjá lókè wa. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti gbéra. Mo na ìka mi sókè, mo ń jù wọ́n fìrìfìrì bí a ṣe máa ń ṣe ní kékeré, nígbà tí a bá ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ ẹyẹ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kò sí o? Ta lẹ̀ ń juwọ́ sí?"

Kò mọ lékeléke. Ó mọ orúkọ gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà ní Chelsea, ó mọ ijó tó ń lọ lórí TikTok, ṣùgbọ́n lékeléke tó ń fò kọjá lórí ilé baba rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé mẹ́rin yìí náà lẹ ń pariwo lé lórí? Nígbà tí èmi wà lọ́mọge, tí ọyẹ́ bá ti dé, ńṣe ni wọ́n máa ń bo igi ẹ̀yìn ilé ìwé yẹn. Èèyàn ò ní rí ewé." Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń fọ ẹnu lọ́wọ́ gbọ́, wọ́n ní, "Màmá, ẹ má bínú o, lékeléke ò dínkù. Màlúù ni wọ́n tẹ̀ lé lọ. Ẹ lọ síbi tí màlúù wà, ẹ ó rí wọn bí ẹní da òwú sílẹ̀." Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tutù, àkàrà gan, àwọn àgbà méjì ò gbà fún ara wọn.

Mo dá sí i. Mo bi Ìyá Àgbà pé, "Mélòó ni wọ́n tó nígbà yẹn, Màmá?" Wọ́n ní, "Wọ́n pọ̀." Mo ní, "Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù?" Wọ́n ní, "Ó ti ṣe díẹ̀." Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo ní kí ni wọ́n fi mọ̀ pé lékeléke ò dínkù. Wọ́n ní, "Ojú mi ni mo fi rí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ò ti kúrò lọ́kàn mi. Àgbà méjì tí wọ́n ti lo ìgbà pípẹ́ nínú ìlú kan náà, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run kan náà, ọ̀kan ní ẹyẹ ti tán, èkejì ní ẹyẹ kò tán. Kò sí ẹni tó lè dá ẹjọ́ náà, torí kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ó tó àkókò kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú bí Ìmeri dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa ka ẹyẹ ìlú wọn, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe é lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ lékeléke yẹn ná. Ẹyẹ náà kì í gbé ilẹ̀ Yorùbá yíká ọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń wá sọ́dọ̀ wa. Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, á gba òkè Ọya lọ, ibẹ̀ ló sì ti máa ń pamọ. Nítorí náà, ẹni tó bá wò ó ní oṣù Kejìlá àti ẹni tó bá wò ó ní oṣù Keje, ohun tí wọ́n máa rí ò lè dọ́gba láé. Ó tún máa ń tẹ̀ lé màlúù lóòótọ́, torí tata àti kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé sókè. Ó ṣeé ṣe kí Ìyá Àgbà jàre. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà jàre, kó jẹ́ pé ibùsùn ni ẹyẹ pààrọ̀. Ìwé tí wọ́n bá ti ń kọ láti ogún ọdún sẹ́yìn, láti ibì kan náà, ní àsìkò kan náà, nìkan ló lè là wọ́n.

Àwọn kan ti mọ èyí tipẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 1964, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùwo-ẹyẹ ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ ìwé àkọsílẹ̀ jáde. Kí ọdún yẹn tó dé, John Elgood, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti fi ẹyẹ kan han gbogbo ayé ní 1958, ẹyẹ tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Orúkọ tó fún un ni Malimbus ibadanensis. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹyẹ kan ń jẹ́ orúkọ ìlú yín? Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà ni, dúdú ni, akọ rẹ̀ pupa lórí títí dé àyà, inú igbó ló sì fẹ́ràn. Nígbà tí Shiiwua Manu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2005, lẹ́yìn tí wọ́n ti wá a káàkiri àwọn igbó kéékèèké tó ṣẹ́kù nílẹ̀ Yorùbá, iye tí wọ́n fojú bù kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Ọ̀kan lára ibi tó ṣì fara pamọ́ sí ni igbó IITA n'Ìbàdàn, igbó tí kò ju hẹ́kítà bí 350 lọ, tí ilé yí ká.

Ìwọ̀nyí ni ẹyẹ inú igbó. Ẹ jẹ́ ká padà sí èyí tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn igún. Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ogójì ọdún á rántí bí igún ṣe máa ń tò sórí òrùlé odò ẹran, tí wọ́n á máa dúró de ìfun. Lónìí, ẹ lọ sí odò ẹran tó sún mọ́ yín, kí ẹ wòkè. Ní ọdún 2015, àjọ IUCN fi igún tiwa yìí sí ara àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ pátápátá. Àwọn onímọ̀ tó kó ìwé àkọsílẹ̀ láti oríṣìíríṣìí ibi ní Áfíríkà jọ ṣírò pé láàárín ìran mẹ́ta ẹyẹ náà, iye rẹ̀ ti fi ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Májèlé wà nínú ohun tó fà á. Ọjà àwọn lẹ́kúlẹ́jà náà wà níbẹ̀, torí orí igún tí àwọn kan ń wá fún àwúre àti oògùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, igún tó ju 2,000 lọ ni májèlé pa ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, wọ́n sì ti gé orí kúrò lọ́rùn àwọn kan nínú wọn.

Odídẹrẹ́ ńkọ́? Bí a bá ń ṣàdúrà fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, a máa ń sọ pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Àdúrà dára. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ padà lọ síbi mẹ́ta tí odídẹrẹ́ bí 700 sí 1,200 ti máa ń sùn ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Gbogbo wákàtí tí wọ́n fi ṣọ́ ọ, odídẹrẹ́ 18 péré ni wọ́n rí. Wọ́n kéde ní 2016 pé láti 1992, odídẹrẹ́ Gánà ti fi ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ọdún yẹn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn mọ́. Odídẹrẹ́ ń kú sóko ìwájẹ, ẹ̀yin ará.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀ yẹn: kí ni ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ Gánà di àríyànjiyàn ọ̀dẹ̀dẹ̀ bíi tiwa ní Ìmeri? Ẹnì kan ti kà á ṣáájú ni. Ká ní wọn ò kọ 700 àti 1,200 yẹn sílẹ̀, 18 á kàn jẹ́ 18. Ọmọdé tó bá rí i á rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Ìyá Àgbà bá igi tó funfun, wọ́n pe ìyẹn ní ayé. Èmi bá ogún tàbí ọgbọ̀n lékeléke nígbà èwe mi, mo pe ìyẹn ní ayé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí rí mẹ́rin, kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Ìran kọ̀ọ̀kan ń gba èyí tó kù, ó ń rò pé odindi ni. Ẹni tí kò mọ iye tó wà nínú àpò tẹ́lẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé olè ti yọ́ mú nínú rẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, ní ayé àtijọ́, ṣíṣọdẹ ẹyẹ wà lára eré ọdún Kérésì. Àwọn èèyàn á pín sí ọ̀wọ́ méjì, wọ́n á lọ yìnbọn fún ẹyẹ, ọ̀wọ́ tó bá pa jù ló borí. Lọ́dún 1900, Frank Chapman dábàá pé kí wọ́n máa ka ẹyẹ dípò kí wọ́n máa pa á. Ọjọ́ Kérésì ọdún náà, èèyàn 27 péré ló jáde, ní ibi 25. Wọn ò dáwọ́ dúró láti ìgbà yẹn. Nígbà tó di 2019, àwọn onímọ̀ kó irú àkọsílẹ̀ àwọn aráàlú bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé ẹyẹ Amẹ́ríkà Àríwá ti fi bílíọ̀nù mẹ́ta, ó kù díẹ̀, dínkù sí iye tó wà ní 1970. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló ka èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tísà ni, ìyàwó ilé ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni, awakọ̀ ni.

Nígbà tí mo ka ìtàn yẹn, ojú tì mí díẹ̀. Torí tiwa náà ní Ìmeri, eré Kérésì ni ẹyẹ pípa jẹ́ fún àwa ọmọkùnrin. Rọ́bà wà lọ́rùn, òkúta wẹ́wẹ́ kún àpò ṣòkòtò. A máa ń fi àtè mú ìbákà, a máa ń ta òpèèrè nídìí ìbẹ́pẹ. Ẹni tó bá pa jù ni ọ̀gá. Èmi náà ti jọ̀gá rí.

Ṣé irú iṣẹ́ kíkà yìí wà ní Nàìjíríà? Ó wà. Ní Laminga, lẹ́yìn ìlú Jos, lẹ́bàá igbó Amurum, ilé ìwádìí ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ A.P. Leventis Ornithological Research Institute. APLORI ni gbogbo èèyàn ń pè é, abẹ́ Yunifásítì Jos ló sì wà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ nípa ẹyẹ lórílẹ̀-èdè yìí lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project ti ń darí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tó ń ya àwòrán ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà. Àwọn ẹgbẹ́ olùwo-ẹyẹ, ní Jos, ní Èkó, n'Ìbàdàn, l'Ábújá àti níbòmíràn, ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Ẹyẹ tó wà ní Nàìjíríà ju oríṣi 900 lọ. Owó oṣù ta ni ẹ fẹ́ fi kà á tán, bí kì í bá ṣe aráàlú?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le. Wọ́n ti pín gbogbo ilẹ̀ sí igun-igun, ìkọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òòró. Ẹ ó mú igun kan, ẹ ó fi wákàtí méjì, ó kéré tán, rìn nínú rẹ̀, ẹ ó sì máa kọ gbogbo oríṣi ẹyẹ tí ẹ bá rí tàbí tí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ yọjú ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ. Ẹ lè máa fi kún un títí di ọjọ́ karùn-ún. Áàpù kan wà lórí fóònù tó ń jẹ́ BirdLasser tó ń bá èèyàn gba ibi tó wà àti àsìkò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó tún padà lọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ṣe irú rẹ̀ láti 1987 sí 1991, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní 2007. Bí wọ́n ṣe gbé ìwé méjèèjì ka iwájú ni wọ́n rí ẹyẹ tó ti sá kúrò níbì kan àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìpadàlọ yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Òjò lè pọ̀ lọ́dún yìí, ó lè wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Iná lè jó ẹ̀gbẹ́ oko kan lọ́dún kan, kí ẹyẹ kó lọ, kí wọ́n tún padà. Ẹni tó bá kà lẹ́ẹ̀kan á rò pé ayé ti parẹ́. Ẹni tó bá kà fún ọdún mẹ́wàá á mọ ohun tó jẹ́ ìgbì àti ohun tó jẹ́ òkun tó ń gbẹ.

Mo gbé àbá yìí síwájú àwọn èèyàn ní Ìmeri kí n tó padà sí Èkó, mo sì gbọ́ èsì oríṣìíríṣìí. Ó yẹ kí n dá wọn lóhùn níbí, torí ìbéèrè gidi ni wọ́n.

Àkọ́kọ́, baba kan sọ fún mi pé, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Èèwọ̀ ni, wọ́n ní. Mo gbà pé èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé, "Bàbá, tí adìẹ bá ń wọlé nírọ̀lẹ́, tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí lẹ ń ṣe?" Wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó ń sin nǹkan ló ń kà á. Èyí tí kò sí lójú ẹnikẹ́ni ni a kì í kà.

Èkejì, ààbò. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní àsìkò tí à ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ajínigbé lójú ọ̀nà àti lóko, ta ló fẹ́ rán ọmọ ẹ̀ lọ sínú igbó torí ẹyẹ? Àjèjì tó bá sì gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, ohun méjì ni wọ́n máa pè é: amí tàbí àjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní ọmọ ìlú gan-an ni kó ṣe é, ẹni tí gbogbo ojú mọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọba àti ìjòyè, kí wọ́n sọ fún àwọn Àmọ̀tẹ́kùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ igbó. Ọgbà ilé ìwé wà, ọjà wà, etí odò tí wọ́n ti ń fọṣọ wà, ẹ̀yìnkùlé wà. Ẹni tó bá mọ òpèèrè, àdàbà, ẹ̀gà, olongo àti elulùú tó wà ní àyíká ilé rẹ̀, tó sì ń kà wọ́n dáadáa fún ọdún márùn-ún, ó ti ṣe ju ẹni tó wọ igbó lẹ́ẹ̀kan, tó ya fọ́tò, tó gbé e sórí Instagram.

Ẹ̀kẹta, ebi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ẹlòmíì ò tíì jẹun, o ní kó lọ ka ẹyẹ." Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kòkó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹ ní ìhà Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ẹyẹ ò sì jìnnà sí kòkó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nínú oko kòkó ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, tó jáde ní 2023, fi hàn pé níbi tí igi ńlá bá ti ṣíji bo kòkó dáadáa, ẹyẹ àti àdán ń mú kí kòkó so sí i. Níbi tí wọ́n ti gé igi ìṣíji kúrò, èrè yẹn ò sí. Àgbẹ̀ tó bá gé gbogbo igi oko rẹ̀ ta fún oníṣẹ́ pákó gba owó ẹ̀ẹ̀kan, ó lè máà mọ̀ pé òun ti lé alágbàṣe tí kì í gba owó kúrò lóko. Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ló jẹ́ ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ o. Ẹ̀gà ń jẹ àgbàdo, kò sí àní-àní. Ìyẹn náà tó ìdí láti kà á, ká lè mọ oṣù tó ń pọ̀ jù àti ibi tó ń gbà wá, kí ẹnikẹ́ni tó da májèlé tó máa pa òun àti àdàbà tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí èmi fúnra mi fi kún un. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá rí ló yẹ ká tú síta. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá rí igi tí odídẹrẹ́ ń sùn sí, kí wọ́n má gbé ibẹ̀ sórí WhatsApp. Ọdẹ náà ní dátà. Iye ni kí a sọ fún ayé, kí ibẹ̀ wà láàárín ẹgbẹ́ àti àwọn onímọ̀.

Ta ló máa gbé e? Mi ò ní sọ pé kí a dúró de ìjọba àpapọ̀. FUTA tó wà l'Ákùúrẹ́ ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹranko igbó àti ìrìn-àjò afẹ́ sínú igbó. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá, Poli Rufus Giwa wà l'Ọ́wọ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá gba ìlú méjì péré mọ́ra, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta láti kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì bí wọ́n ṣe ń dá ohùn ẹyẹ mọ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń ná owó lórí aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún lè ra awò méjì àti ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ilé ìwé tó bá kà á fún ọdún mẹ́ta léra láìfo ní ẹ̀bùn. Kí ìwé náà sì máa gbé nílé ìwé, kó má bá tísà lọ nígbà tí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti máa ń kú lọ́dọ̀ wa: ẹnì kan ló ń ṣe é, ẹni náà á lọ, ó parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ l'Ọ́jọ́ta, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ oko ni. Àwòdì ń rà bàbà lókè ọjà yín. Ẹgbẹ́ olùwo-ẹyẹ wà l'Ékòó, wọ́n ń gba ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwa tí à ń kọ Yorùbá: orúkọ. Àwọn áàpù wọ̀nyí kún fún orúkọ òyìnbó. Ìyá Àgbà lè pe oríṣi ẹyẹ bí ọgbọ̀n lórúkọ, ní ẹ̀ka èdè Ìmeri, wọ́n sì mọ ohùn tí ìkọ̀ọ̀kan ń ké àti ohun tí àwọn àgbà ní ó ń wí. Ẹyẹ lè wà kí orúkọ rẹ̀ kú. Orúkọ náà lè wà kí ẹyẹ kú, bíi ti igún tí à ń pa lówe lójoojúmọ́, tí ọmọ wa ò rí rí. Àwọn méjèèjì ni ká jọ kọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ọdún Kérésì, kí n má báa jẹ́ ẹni tó ń fi ẹnu lásán ṣiṣẹ́, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fún wákàtí méjì pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ìwé ẹ́sáásàìsì rẹ̀ kan. Ìyá Àgbà ń pe orúkọ, ọmọ ń kọ ọ́, èmi ń wo aago. Òpèèrè mọ́kànlá. Àdàbà mẹ́fà. Àṣá kan. Ẹ̀gà pọ̀ débi pé a jà lórí iye wọn, a fi sí ogójì. Lékeléke méje. Elulùú kan tí a ò rí, tí a kàn gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyá Àgbà ní ká kọ ọ́, pé ẹni tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ wà láàyè.

Láti ìgbà yẹn, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ lóṣooṣù, bí nẹ́tíwọ̀kì bá gbà, ọmọ náà máa ń gba fóònù ìyá rẹ̀, á pè mí, á ka iye fún mi. Lóṣù tó kọjá, ó pè. Òjò ń rọ̀ gan-an níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ń já. Ó ka òpèèrè, ó ka àdàbà. Ó wá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mi ò rí lékeléke kankan. Ṣé kí n fò ó?"

Mo ní kó má fò ó. Mo ní kó kọ òdo, kó kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní wọ́n lọ sókè Ọya ni, wọ́n á padà nígbà ọyẹ́, àti pé tí wọ́n bá dé, òun ni kó kọ́kọ́ sọ fún mi iye tó padà.